Irinṣẹ́ Icon láti Harbor Freight: ṣé ó tọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rù ú wá sí Kàbà?

Ọmọ_Garéèjì_Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn ojú.

Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá mi yọ̀ǹda fún mi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ wọn. Mo ti rí àyè kékeré kan gbà lójú ọ̀nà Obajana. Corolla àti Camry ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn oníbàárà ń gbé wá, àti Sienna àwọn tó ń ná Lọ́kọ́jà. Iṣẹ́ wà, oníbàárà wà. Irinṣẹ́ ni kò sí. Títí di àná ni mo ṣì ń sáré lọ yá ráṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá mi, ọwọ́ eléyín tí a fi ń yí bóòtì láì yọ ọ́ kúrò, ojú sì ti ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì, ó ní òun á ra irinṣẹ́ fún mi ní Harbor Freight. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú ni lọ́hùn-ún, irinṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì fi dúró. Pittsburgh ni wọ́n ń kọ sára èyí tó rọjú jù, Quinn wà láàárín, Icon ló ga jù. Icon yìí ni wọ́n gbé jáde kí ó lè bá Snap-on, irinṣẹ́ olówó ńlá ti Amẹ́ríkà, du ọjà. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lè ra àpótí Pittsburgh ńlá kan tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, tàbí kí ó ra Icon díẹ̀: ráṣẹ́ẹ̀tì kan, ìdì kan sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí tó ń bọ bóòtì), bóyá sípánà mélòó kan. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n kúkú gba owó náà, kí n lọ fi ra tòkunbọ̀ Jámánì ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú oore báyìí ń wá.

Jẹnẹrétọ̀_Ẹ̀gbẹ̀

Gba àpótí ńlá, àbúrò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró kò gbọdọ̀ máa yá sípánà mílímítà 11 lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọdún keje rèé tí mo ti ń fi àpótí olówó pọ́ọ́kú kan tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níbí, 10 àti 12 ni mo ń lò jù, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Ohun tó pé lọ́wọ́ ẹni ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Ọ̀gá_Toyota_Ìsánlú

Àbúrò mi, kú oríire ìyọ̀ǹda. Olúwa á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mókè.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀, mo gbọ́ yín, ẹ kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n bóòtì jẹnẹrétọ̀ kékeré kọ́ ni bóòtì kálípà (ohun tó ń fún bíréèkì mọ́ díìsìkì) Camry tó ti ń jẹ eruku àti omi ẹrọ̀fọ̀ fún ọdún 15.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo ń tú kálípà fún tíṣà kan tó fẹ́ dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bóòtì 17 ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ní nígbà náà, inú àpótí kan tó ń dán gbinrin tí mo rà lọ́jà ló ti wá, ojú 12 ló sì ní nínú. Mo ki páìpù bọ ọwọ́ rẹ̀, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ké pàá! Mo rò pé bóòtì ló já. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló là láti ẹnu dé ìdí bí ìgbà tí wọ́n la obì. Ìka mi mẹ́ta lọ gbá ẹ̀gbẹ́ ṣásí, awọ wọn bó, ẹ̀jẹ̀ sì dà sórí díìsìkì bíréèkì. Nígbà tí mo fi máa wo bóòtì, gbogbo igun rẹ̀ ti di róbótó. Wẹ́lídà ló bá mi jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lórí kí a tó rí i yọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí tíṣà tó kúrò ní garéèjì mi. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ni iye ojú tó ní. Ojú 6 ni kí o rà. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ni nọ́ọ̀tì ní, olójú 6 á sì gbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú. Olójú 12 yá láti fi bọ orí bóòtì, nítorí pé ní gbogbo dígírì 30 ló ti ń wọlé nígbà tí olójú 6 ń dúró de 60, ṣùgbọ́n etí igun ló ń dì mú. Bí bóòtì bá ti dógùn-ún, igun ni yóò kọ́kọ́ jẹ.

Ìkejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa, wọ́n máa ń gbẹ́ igun inú rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ó má bàa fara kan ṣóńṣó igun nọ́ọ̀tì, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ ló ń tì. O lè dán èyí wò fúnra rẹ. Fi máákà dúdú kun orí bóòtì kan yípo, fi sọ́kẹ́ẹ̀tì lé e, fún un le, kí o yọ ọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ etí igun ni dúdú ti bó, má rà á. Bí ó bá bó sí ẹ̀gbẹ́, tó kúrò lẹ́nu igun dáadáa, irin gidi nìyẹn, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹni tó bá ti lo Icon lọ́hùn-ún ni kí ó sọ bó ṣe rí ní ti ìyẹn.

ỌmọÌyàgbà_Houston

Mo lò ó, ọ̀gá. Ẹ kú àárọ̀ ọjọ́ gbogbo o.

Ìlú kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n oníbéèrè wà. Èmi náà ni mo ń tún ọkọ̀ ara mi ṣe nítorí owó iṣẹ́ lọ́hùn-ún ga. Ráṣẹ́ẹ̀tì Icon kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà wọn wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ẹ wí nípa igun yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Snap-on ló sọ irú igun bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti ń ṣe é báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà náà ṣe rí kí àbúrò wa lè mọ ohun tó ń rà. Snap-on bẹ̀rẹ̀ ní 1920: orí sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 àti ọwọ́ 5 tí a lè máa pààrọ̀ síra wọn, kí ọwọ́ 5 lè ṣe iṣẹ́ sípánà 50. Títí dòní, inú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ láti garéèjì dé garéèjì ni wọ́n ti ń tà á, mẹkáníìkì sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó ọkọ̀ yẹn àti awìn yẹn wà nínú iye tí wọ́n ń pè é. Harbor Freight bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1977, ìsọ̀ wọn sì ti lé ní 1,500 káàkiri Amẹ́ríkà. Wọn kì í fi ọkọ̀ gbé ọjà kiri garéèjì bíi ti Snap-on, ìsọ̀ wọn ni wàá wá. Táíwàn ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ráṣẹ́ẹ̀tì Icon, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́ irin dáadáa. Ráṣẹ́ẹ̀tì Icon kò tó ìdajì owó ti Snap-on. Lọ́wọ́ mi, mi ò rí iṣẹ́ tí ti Snap-on lè ṣe fún mi tí èyí kò lè ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: àpótí ńlá ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní íǹṣì àti mílímítà pọ̀. Wọ́n á kọ iye gọbọi sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà íǹṣì kó apá ńlá, orí sukurudíráfà kéékèèké kó apá tó kù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi íǹṣì ṣe lára Corolla? 9/16 jẹ́ mílímítà 14.29, bí ẹ bá fi sórí bóòtì 14, ó máa wọlé, á sì jẹ igun rẹ̀. 1/2 jẹ́ 12.7, kò ní wọ 13 rárá. Nínú mẹ́ta yìí, 3/4 nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 19 mu, 19.05 ni. Nítorí náà, mílímítà pọ́ńbélé ni kí ẹ̀gbọ́n rà.

Ìyá_Sípíà_Kàbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi kì í tú ọkọ̀, ẹ̀yà ọkọ̀ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí irinṣẹ́ kò dáa nílùú yìí. Ìgbà náà ni bóòtì ń tà lọ́jà mi. Ọmọ á wá ra bóòtì ojú táyà mẹ́rin láàárọ̀, á tún padà wá ní ọ̀sán, orí èyí tí mo tà fún un á ti yọ́. Ẹ lè rò pé inú mi á dùn torí owó. Inú mi kì í dùn, torí pé àwọn oníbàárà ló ń san án, wọ́n á sì ní bóòtì mi ni kò dáa.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun dé ló ń wí pé “wáráńtì ìgbésí ayé”. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó là láti Kàbà padà lọ sí Houston? Wáráńtì náà wà lóòótọ́, àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni ó wà fún. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ ń rò. Bí irinṣẹ́ náà bá níye lórí láìsí wáráńtì, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ pé wáráńtì ló jẹ́ kí ó níye lórí, ẹ fi sílẹ̀.

ỌmọÌyàgbà_Houston

Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mà. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wáráńtì wọn wí ni pé kí o gbé irinṣẹ́ ọwọ́ tó bàjẹ́ wá sí ìsọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí fi ń ra Pittsburgh láìfòyà: bó bá ṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Fún ẹni tó wà ní Kàbà, ọ̀nà yẹn ti dí pátápátá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò pé Icon yẹ ẹ́ ju àwa tí a wà lẹ́bàá ìsọ̀ lọ. Èmi lè fara da irinṣẹ́ tó ṣẹ́. Òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ńlá_Obajana

Ìyá ti sọ̀rọ̀.

Kí n fi tèmi kún un. Tírélà là ń tú níbí, Sinotruk ló pọ̀ jù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dán funfun, ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Má ṣe fi í sẹ́nu ìmpáàtì, ẹ̀rọ tó ń fi lílù tú bóòtì, láéláé, ìbáà jẹ́ Icon, ìbáà jẹ́ Snap-on. Irin rẹ̀ le, ó sì ń fọ́, á sì fò wá sójú ẹni. Dúdú ni ti ìmpáàtì, ara rẹ̀ nípọn, irin rẹ̀ sì máa ń gba lílù. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tí èérún irin funfun wọ̀ sí lábẹ́ ojú. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní àyè, kí ó ra dúdú 17, 19 àti 21 sí i.

Ọmọ_Garéèjì_Kàbà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáráńtì yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dá mi lójú láti ọjọ́ yìí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ráṣẹ́ẹ̀tì kan ní eyín 90, òmíràn ní 72. Ṣé ìyàtọ̀ yẹn tó nǹkan? Tòkunbọ̀ Jámánì ńkọ́?

Ọ̀gá_Toyota_Ìsánlú

Ó tó nǹkan, ó sì sinmi lórí ibi tí ọwọ́ rẹ bá wà. Pín 360 sí iye eyín. Eyín 90, dígírì 4 ni wàá fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó ké kẹ́ kí ó sì mú bóòtì. Eyín 72, dígírì 5. Ìyẹn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú àpótí olówó pọ́ọ́kú wa lọ́jà, òmíràn kò ju eyín 36 lọ, dígírì 10 nìyẹn.

Wo bóòtì 14 tó di sítátà mú lára Camry kan, èyí tó sápamọ́ sẹ́yìn níbi tí ojú kò ti lè rí i. Wàá dùbúlẹ̀ sórí páálí, ọwọ́ kan á gba àárín páìpù kọjá, ìka méjì ni yóò dé ibẹ̀. Àyè tí ọwọ́ ráṣẹ́ẹ̀tì ní láti lọ bọ̀ lè má ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Bí eyín bá jìnnà síra, wàá fà á, kò ní ké. Wàá tún fà á, kò ní ké, títí apá á fi kú. Èyí tó ní eyín púpọ̀ á ké níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni bóòtì á máa jáde bọ̀. Lójú tèmi, ráṣẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí owó ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ lọ sí, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Àwọn méjì wọ̀nyí ló ń ṣe ènìyàn léṣe bí wọn kò bá dáa.

Má sì fi ráṣẹ́ẹ̀tì tú bóòtì tó ti gan. Ọ̀pá gígùn tí kò ní eyín ni kí o fi já a kúrò lójú ibi tó gan sí, kí ráṣẹ́ẹ̀tì wá máa yí i jáde. Ọ̀pọ̀ ráṣẹ́ẹ̀tì tó kú, páìpù tí wọ́n ki bọ̀ ọ́ ló pa á.

Ní ti tòkunbọ̀: sípánà Jámánì bíi Gedore, Hazet, Stahlwille, bí ojú wọn kò bá tíì là sílẹ̀, ọmọ rẹ á jogún wọn. Wọ́n wà ní Ládípọ̀, wọ́n sì máa ń dé Ìlọrin náà nígbà míì. Sípánà kò ní ẹ̀yà inú tó lè ti jẹ, nítorí náà ojú rẹ á rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ki bóòtì tuntun bọ ẹnu rẹ̀, mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ráṣẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, mi ò ní rà á, torí eyín rẹ̀ wà nínú, ojú kò sì tó o.

Wẹ́lídà_Mọ̀pà

Ẹ kú àpérò. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi àyè ẹrù ra òòlù, ìṣó ńlá, sísẹ́lì tàbí ọ̀pá ìtì. Àwọn wọ̀nyẹn, a lè rọ wọ́n níbí. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti ṣẹ́ ni mo fi ń ṣe sísẹ́lì, mo sì ń fi epo pa iná rẹ̀ kí ó má bàa fọ́. Mo ti ṣe ohun èlò tí wọ́n fi ń fa bíárìn-ìn jáde fún mẹkáníìkì mẹ́rin láàárín Mọ̀pà àti Ìsánlú, wọ́n ṣì ń lò ó.

Ó máa ń dùn mí o. Irin wà nínú ilẹ̀ ní Ìtakpè, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Láti 1979 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Kàbà lè ra ráṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Kogi, kí wáráńtì rẹ̀ má ju owó ọkọ̀ Àjàòkúta lọ.

Jẹnẹrétọ̀_Ẹ̀gbẹ̀

Wẹ́lídà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Mo yí ohùn mi padà díẹ̀. Mo ṣì sọ pé ó nílò nǹkan tó pọ̀, torí iṣẹ́ kì í dúró de ẹni. Ṣùgbọ́n púláyà, sukurudíráfà àti kọ́kọ́rọ́ áláǹ, kí ó rà wọ́n lọ́jà Kàbà ní olówó pọ́ọ́kú, bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Èyí tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan ni kí ó wá fi owó gidi rọ́pò. Bí mo ṣe kó tèmi jọ nìyẹn.

ỌmọÌyàgbà_Houston

Ọ̀rọ̀ ẹrù kù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kílò 23 ni báàgì kan. Àpótí Pittsburgh ńlá á jẹ ọ̀kan tán, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì ní gbà. Kí wọ́n tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nínú páálí àti pákó rẹ̀, kí wọ́n kó wọn sínú ìbọ̀sẹ̀ nípọn, kí wọ́n fi aṣọ wé ráṣẹ́ẹ̀tì. Inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kí ó wà. Irinṣẹ́ tó bá gùn ju íǹṣì 7 lọ, àwọn aláàbò pápákọ̀ Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ kí ó bá a wọ inú ọkọ̀.

Ọmọ_Garéèjì_Kàbà

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná, mo ka gbogbo èsì yín fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Ìyá, ó ní, “Òótọ́ ni màmá yẹn sọ.”

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Icon: ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 kan (íǹṣì ni, ìwọ̀n ẹnu tó ń wọ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì), sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà olójú 6 láti 8 dé 19, kúkúrú àti gígùn. Ọ̀pá gígùn 1/2 tí kò ní eyín, kí ó mú Quinn tàbí Pittsburgh níbẹ̀, torí kò ní ẹ̀yà inú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú mẹ́ta fún ìmpáàtì. Mo ń lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ wo sípánà tòkunbọ̀, máákà mi àti bóòtì tuntun mẹ́rin ti wà nínú àpò: 10, 12, 14, 17. Mo ra bóòtì náà lọ́wọ́ Ìyá.

Ìyá_Sípíà_Kàbà

Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni o! Padà wá, mo gba owó lé ọ lórí.

Ọ̀gá_Toyota_Ìsánlú

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo: nínú dúdú yẹn, kí 21 jẹ́ gígùn, kí ara rẹ̀ sì tín-ín-rín, torí òun ni nọ́ọ̀tì táyà Toyota, ihò ríìmù òmíràn sì há. Má fi ìmpáàtì fún un dé òpin. Ọwọ́ ni kí o fi parí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, 103 Nm ni, bí o bá rí sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, yá. Èmi ní ọ̀kan. Ìsánlú kò jìnnà, wá gbé e.